Ọwọ́ Tó Kán Ló Jẹ́rìí

Ní ilé ìpẹran tí èmi àti òun ti jọ ṣiṣẹ́, Yunifásítì la máa ń pè é, kì í sì í ṣe orúkọ àpọ́nlé. Ó ti wọ yunifásítì rí nígbà tó wà lọ́mọge. Ó kàwé òfin fún ọdún kan àti díẹ̀, ló bá lóyún, ló bá kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ọkọ. Ọkọ ṣèlérí pé tí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, yóò padà. Ọmọ já lẹ́nu ọmú, ọmọ rìn, ọmọ wọ iléèwé, ọmọ parí iléèwé, ọmọ kó lọ sílùú mìíràn lọ ń ṣiṣẹ́, ìlérí ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Bí iyàn bá ti bẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́, àwọn ọkùnrin á pariwo pé, "Ẹ bi Yunifásítì o! Òun ló mọ òfin!" Ẹ̀rín á sọ. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á máa pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ìpẹran rí kò lè mọ irú ariwo tó ń bẹ níbẹ̀. Màlúù máa ń mọ̀. Tó bá ti dé ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi irin ṣe, á bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá irin, gbà, gbà, gbà, títí tí ìbọn kékeré tí wọ́n ń yìn sí i níwájú orí yóò fi dún. Wọ́n á fi ṣéènì gbé e sókè ní ẹsẹ̀ kan, wọ́n á dá ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ya bí ìgbà tí páìpù bẹ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa obìnrin nínú yàrá tútù, ó ti di ẹran. Àwa la máa ń yọ egungun. Yunifásítì ló mọ́wọ́ jù nínú wa: ó máa ń yọ egungun èjìká bí ẹni ń bọ́ ẹ̀wù fún ọmọ tó ti sùn lọ.

Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, àyà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bọ́ńpà. Níta, ó dáa. Á kí ọ tẹ̀rín-tẹ̀rín, á ra ohun mímu fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Inú ilé ni ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń yá. Gbogbo wa mọ̀. Àwa tí à ń pààrọ̀ aṣọ nínú yàrá kan náà, a máa ń rí ẹ̀yìn ara wa. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ibi tó dúdú lápá Yunifásítì, mo bi í, ó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn yín yìí mà ní ìka márùn-ún." Láti ọjọ́ náà la ti dọ̀rẹ́.

Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún nígbà tí yunifásítì tún gbà á. Ìdánwò tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn àgbà tó fẹ́ padà ló lọ ṣe. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Níbi tí a ti ń fọ bàtà rọ́bà wa ló ti sọ fún mi. Ó kọ́kọ́ ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa hó, kí wọ́n má baà gbọ́.

"Àbúrò, wọ́n gbà mí."

Mo figbe ta. Ó bo ẹnu mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ọ̀rá.

Àmọ́ ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ohun tó ń gbà lọ́dún lọ. Ohun tó kù tí a gbójú lé ni owó ìrànwọ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà tó ń padà sẹ́nu ìwé. Kì í ṣe gbèsè; ẹni tó bá rí i gbà kò ní í san án padà. Ó ní kí n bá òun dé ọ́fíìsì wọn. Mo gba àyè lọ́dọ̀ fómáànù, a sì lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni akọ̀wé tó dá wa lóhùn. Ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á nu imú. Ọmọlúàbí ni, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fún wa ní àga, ó sì ń pè wá ní mà.

"Ẹ ti kàwé níbẹ̀ rí?"

"Ọdún kan àti díẹ̀."

"Díẹ̀ yẹn, ọdún kan la máa ń kà á sí, ó di méjì nínú ọdún márùn-ún tí ìjọba máa ń san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta ló kù tó tọ́ sí yín. Ẹ̀kọ́ òfin sì jẹ́ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yin lẹ máa san ti ọdún tó gbẹ̀yìn."

Mo ní, "Ogún ọdún sẹ́yìn lẹ ṣì ń kà?"

"Òfin kì í gbàgbé, mà." Ó nu imú. "Ọkọ ńkọ́?"

"Ó ń wa tírélà."

"Ẹ jọ ń gbé?"

"A jọ ń gbé."

"Á jẹ́ pé ẹ máa jẹ́ kó kọ iye tó ń gbà síbí, kó sì fọwọ́ sí i."

Yunifásítì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí itan. "Kì í fún mi ní eépìnnì."

"Bó fún yín, bí kò fún yín, tí ẹ bá ti jọ ń gbélé, owó agbo ilé kan ni. Àwọn onítírélà ń gbowó gidi. Tí a bá pa tiyín pọ̀ mọ́ tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ kọjá ìlà. Bóyá ẹ ó rí ìdajì, bóyá ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí kò bá fọwọ́ sí i, a ò ní wo ìwé yín rárá."

"Tí a ò bá jọ gbé mọ́ ńkọ́?"

Akọ̀wé gbé kálàmù sílẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó wá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ gbọ́dọ̀ ti pínyà fún ọdún kan gbáko. Àfi tó bá jẹ́ pé lílù ló lé yín jáde, tí ọlọ́pàá àti dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni kò ní jẹ́ kí ẹ dúró di ọdún kan."

Mo yíjú sí Yunifásítì. Kò wò mí. Ó fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, ó dì í ní bọ́tìnnì.

Nígbà tí a jáde, mo ní, "Ẹ̀rí wà lára yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà ká ẹ̀wù yín sókè."

"Èyí ti ń san," ó wí. "N ò sì lè gbé ìtìjú ilé mi lọ síwájú ọmọ tí ikun ń dà nímú. Màá bẹ̀ ẹ́. Ènìyàn kúkú ni." Ó ní kí n wá sílé àwọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, pé tí àlejò bá wà nílé, Bọ́ńpà máa ń ṣe dáadáa.

Mo lọ, ṣùgbọ́n mo pẹ́ kí n tó dé. Orí àtẹ̀gùn ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ ariwo. Obìnrin kan tó ń gbé lábẹ́ wọn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lápá. "Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀," ó wí, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti ṣú. Ó sì kọjá lọ sá aṣọ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó wọlé, Yunifásítì ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá. Ó gbé oúnjẹ fún ọkọ, ó jẹ́ kó jẹun tán, ó wá kúnlẹ̀, ó gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ìbuwọ́lù lásán ni." Bọ́ńpà kà á. Ó tún un kà. Ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n máa ka owó mi? Ṣé o ti lọ sọ̀rọ̀ mi níta ni?" Ó fa ìwé ya. Obìnrin náà na ọwọ́ kó lè ṣa á nílẹ̀, ọkùnrin náà sì gbé gìgísẹ̀ bàtà lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Yunifásítì ní òun gbọ́ ọ kó tó dun òun: pàá, ìró tí òun ti gbọ́ lára ẹran láìmọye ìgbà.

Ilé ìdáná ni mo ti bá wọn. Ọwọ́ ọ̀tún Yunifásítì rọ̀ jọwọlọ bí ọwọ́ ẹ̀wù tí kò sí apá nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ẹnu rẹ̀ jáde sórí àyà. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ìdáná wà lọ́wọ́ òsì, ẹnu ọ̀bẹ náà sì wà lábẹ́ etí Bọ́ńpà. Ọkùnrin gìrìwò náà ti fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró.

"Ogún ọdún ni mo ti ń pè ọ́ ní ẹ," ó ń wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Ẹ jẹun, ẹ sùn, ẹ má bínú. Ìwọ ni lónìí. Ìwọ yìí. Tí o bá mira, mo mọ ibi tí màá fà á gbà."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán. Ọ̀bẹ náà kò gbọ̀n. Iṣan kan wà lábẹ́ awọ ọrùn ọkùnrin náà tó ń sọ kúlúkúlú, ibẹ̀ gan-an ló fi í lé. Mo ké sí i. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wò mí. Wọ́n kì í kàwé òfin láti inú ẹ̀wọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó mí kanlẹ̀. Ọ̀bẹ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni Bọ́ńpà ń wá. Ẹ̀ṣẹ́ tó jù bà á nímú, ó ṣubú lulẹ̀, ọ̀bẹ fò lọ sábẹ́ àdìrò. Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á nípàá, níkùn, níhà, bí ẹni ń ta táyà wò. Mo gbé páànù irin tó wà níbẹ̀. Mo fọ́ ọ mọ́ ọn lórí, kò ṣubú. Ó yíjú sí mi pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, bí ẹni pé àga ló na òun. Mo gbá a lórúnkún, ó sì lọ sílẹ̀. Nígbà tó wà nílẹ̀, mo tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹn dùn mọ́ mi.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ọwọ́ náà kán níbi méjì, pé ìka méjì lè máà lè ká mọ́ títí ayé. Ó kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àgọ́ ọlọ́pàá, Bọ́ńpà ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa pẹ̀lú báńdéèjì lórí, ó sì ti ní èmi ni mo wá gbógun wọ ilé òun. Sájẹ́ǹtì tó wà lórí káńtà gbọ́ tẹnu wa, ó yán. "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ẹ lọ parí ẹ nílé. Ìwọ obìnrin yìí, má fẹnu rẹ sí i mọ́, kí n má baà tì ọ́ mọ́lé." Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Yunifásítì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínú sìmẹ́ǹtì funfun, imú wíwú, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." N kò mọ ìdí tó fi dúpẹ́. Òun náà ní òun ò mọ̀.

Yàrá mi ló wá ń gbé. Níbi iṣẹ́, fómáànù fún un ní iṣẹ́ kó máa fi ọwọ́ òsì lẹ ìwé mọ́ páálí. Fómáànù yìí kì í rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń ké mọ́ gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò yọ nínú owó rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já màlúù sílẹ̀ nínú ọgbà, a gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tó ń ké kíkankíkan. A rò pé ẹran míì ni wọ́n ń kó bọ̀. Fómáànù rìn lọ síbi géètì láti ṣí i. Bọ́ńpà ni. Kò dá ẹsẹ̀ ró. Ó fi orí tírélà wọ géètì, irin náà já wọlé pẹ̀lú ìró bí ààrá, ó sì tẹ ẹsẹ̀ fómáànù mọ́ ògiri. Igbe tí ọkùnrin yẹn ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Àwọn màlúù sá, wọ́n wó irin ọgbà, wọ́n tú sójú títì. Ọ̀kan kọ lu mọ́tò kékeré kan, ó fẹsẹ̀ fọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀. Òmíràn wọ ilé aránṣọ tó wà lódìkejì, àwọn oníbàárà ń gba ojú fèrèsé jáde.

Bọ́ńpà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú sípánà gígùn tí wọ́n fi ń tú táyà. "Ẹ mú ìyàwó mi jáde!" ó ń pariwo. "Ẹ mú un jáde, màá pa á, màá pa gbogbo yín!"

Àwọn apẹran jáde. Wọ́n tó mẹ́jọ, épírọ́ọ̀nù wọn pọ́n láti àyà dé orúnkún. Wọ́n gbé ọ̀bẹ wọn kalẹ̀ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju pé kí wọ́n mú un dání. Bọ́ńpà na èyí tó ṣíwájú ní sípánà, eegun èjìká ẹni náà wọlé. Ni àwọn yòókù bá bò ó. N ò ní sọ gbogbo ohun tí ẹ̀ṣẹ́ àti bàtà rọ́bà ṣe fún un. Eyín tú sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kan pa dé, ìkejì tẹ̀ lé e.

Yunifásítì ti jáde, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ó tó." Wọn ò gbọ́. Ó rìn wọ àárín wọn, ó fi ọwọ́ sìmẹ́ǹtì gbá ọ̀kan lẹ́yìn. "Mo ní ó tó! Mo fẹ́ kó lẹ́nu tó máa fi dá adájọ́ lóhùn."

Wọ́n dúró.

Ẹ wá wo ọlọ́pàá. Ọwọ́ obìnrin kán, wọ́n ní ká lọ parí ẹ nílé. Géètì kán, màlúù sọnù, mọ́tò ọlọ́pàá mẹ́ta dé kí a tó gbé fómáànù kúrò nílẹ̀. Sájẹ́ǹtì wa náà wà nínú wọn. Ní ọjọ́ yẹn, ó rí ìwé, ó rí kálàmù, ó kọ ohun gbogbo, títí kan ọ̀rọ̀ ọwọ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ fómáànù lábẹ́ orúnkún. Adájọ́ sì rán Bọ́ńpà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́ la ti padà sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé náà ni a tún bá, ọ̀fìnkìn rẹ̀ ti lọ. Ó ka ìwé dókítà, ó ka ti ọlọ́pàá, ó gbé ojú sókè wo sìmẹ́ǹtì, ó gbé e wálẹ̀. "Ẹ kú oríire, mà. Ẹ yege. Owó tiyín nìkan la máa kà."

Mo ti ń fò sókè. Yunifásítì kò mira.

"Ọmọ mi," ó ní, "jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Ká ní kò ṣẹ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́? Ká ní ó kàn ń gbá mi létí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, tí n ò sì sọ?"

Akọ̀wé tún ìwé tò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀. "Ẹ kì bá tí yege, mà."

"Ṣé o rí i," ó wí. Nígbà tí a délé, ó da omi sí bàsíà, ó ki ojú bọ inú rẹ̀, ó ké sínú omi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ́ kó ké e tán.

Ọmọ rẹ̀ pè lórí fóònù lọ́sẹ̀ tí ìdájọ́ wáyé. Àárín wa ni fóònù wà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ fi bàbá mi sẹ́wọ̀n nítorí ìwé." Ìyá rẹ̀ ní, "Ìwọ náà wà nílé yẹn. O rí i." Ọmọ náà ní, "Mo rí i pé ẹ máa ń fara dà á." Ó sì pa fóònù. Ó ti pẹ́ díẹ̀, àárín wọn kò tíì gún. Nígbà tí ìyá rẹ̀ yege ìdánwò ọdún àkọ́kọ́, ó fi àwòrán èsì ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tó padà wá kò ju "Mo rí i" lọ. Ó kà á fún mi bí ẹni pé ó gùn.

Kò rọrùn fún un nínú kíláàsì. Àwọn ọmọdé tó bá jókòó tì máa ń rò pé olùkọ́ ni, wọ́n á kí i, wọ́n á wá rí i pé ìwé lòun náà ń ṣí. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè é ní Ìyá Àgbà, ó sì fọwọ́ tì í kúrò lórí àga níwájú pé òun ti gba àyè síbẹ̀. Kí olúkúlùkù tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti há ọmọ náà mọ́ ògiri, apá òsì lọ́fun. Wọ́n kìlọ̀ fún un. Wọ́n ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á lé e, owó ìrànwọ́ á sì dúró. Ó lọ bẹ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ohun tó ba òun lẹ́rù jù ni pé ara òun yá gágá nígbà tí òun ń ṣe é.

Ní ọdún kejì, wọ́n tú Bọ́ńpà sílẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ọ̀sán kan ló dúró dè é lẹ́nu géètì yunifásítì. Ó ti rù, ẹnu rẹ̀ ti wọnú. Yunifásítì rí i, kò sá, kì í ṣe pé ó láyà: ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ̀.

"Ṣé ohun tí o ń fẹ́ nìyí?" ọkùnrin náà bi í. Ó fi ẹnu júwe ilé ńláńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Òun ni."

Bọ́ńpà gbé ọwọ́ sókè. Àwọn aṣọ́nà méjì ti dìde, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, Yunifásítì ti fi báàgì tó kún fún ìwé gbá a lójú, ó tún gbá a, ó tún gbá a, títí tí okùn báàgì fi já. Bọ́ńpà fi apá bojú, ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ti gba ìwé lọ́wọ́ adájọ́ báyìí pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Títí di òní, kò tíì padà wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Yunifásítì pè mí lórí fóònù, mo kàn ń gbọ́ èémí. Mo fi ẹran sílẹ̀ lórí tábìlì. Bí mo ṣe wà ni mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì, épírọ́ọ̀nù ẹlẹ́jẹ̀ lọ́rùn, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, gbogbo ènìyàn sì fún mi ní àga mẹ́ta. Orí pèpéle ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti bá a, ìwé tú ká. Mo bá a ṣa wọ́n. Mo jókòó tì í. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ẹ̀yìn wa kọjá, wọ́n ń wo épírọ́ọ̀nù mi, wọ́n ń yára.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó bi mí ohun tí aago wí. Mo sọ fún un. Ó ní kíláàsì kan ti lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣì kù. Ó gbé àwọn ìwé náà mọ́ àyà, nítorí báàgì ti já, ó sì wọlé.